Fìdáù Tí Wọ́n Ṣe fún Tíṣà Dáúdà

Jókòó, Gàníyù. Má dúró sẹ́nu ọ̀nà, ṣé iná lo wá mú ni? Jókòó, àga yìí kì í bu èèyàn jẹ. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún rèé tí mo ti wà nínú ilé yìí, ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko, ìwọ lẹni àkọ́kọ́ tó gba ẹnu ọ̀nà yẹn wọlé tọ̀ mí wá, ìwọ náà sì ń wo ẹsẹ̀ mi bóyá ó kan ilẹ̀. Ó kan ilẹ̀. Wò ó dáadáa. Ẹsẹ̀ Dáúdà Àbọ̀ nìyí, Dáúdà tí gbogbo Ajah ń pè ní Tíṣà, ẹsẹ̀ tó fi ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n rìn lọ rìn bọ̀ níwájú pátákó nílé ìwé tí ìwọ alára ti kọ́ ábídí. Èékánná tó dúdú yìí, o rántí ọjọ́ tí bẹ́ǹṣì wó lé e. Ó ṣì ń dùn mí tí òjò bá ti ṣú. Òkú wo lo ti rí rí tí èékánná ń dùn?

Má tíì sọ nǹkan kan. Mo mọ̀ pé Sìlífátù ẹ̀gbọ́n rẹ ló rán ọ, kì í rán èèyàn wá lásán, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi, torí láti ọjọ́ tí mo ti dé, ògiri ni mo ń bá sọ̀rọ̀, ògiri ò sì mọ̀ ju pé kó máa wo èèyàn lójú lọ. Kí ni mo fi ṣe yín? Kí ni mo ṣe fún ẹ̀yin ará Ajah tí ẹ fi ṣe fìdáù fún mi nígbà tí mo wà láàyè? Ẹ pa àgbò mi. Àgbò tí mo ti ń sìn de Iléyá tó ń bọ̀, ẹ fà á jáde, ẹ pa á, ẹ fi ṣe sàráà ọjọ́ kẹjọ mi, wọ́n sì ní igẹ̀ rẹ̀ ló kàn ọ́. Ẹ pín aṣọ mi. Ràṣídì télọ̀ tó rán dàńdógó aláwọ̀ ewé yẹn fún mi ló tún gbà á padà, ó gé e kúrú, ó ń wọ̀ ọ́ kọjá níwájú ilé mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀. Mo jókòó sójú fèrèsé, mo ń wo aṣọ mi tó ń rìn lọ.

Gbogbo ìyẹn, mo lè fojú fò ó dá. Àgbò, a tún lè ra òmíràn. Aṣọ, Ràṣídì náà ní ara tó yẹ kó bò. Ṣùgbọ́n ẹ fi Sìlífátù sínú opó. Ìyàwó mi, tí a ti jọ wà láti ọdún mọ́kànlélógún, tí Ọlọ́run ò fún wa lọ́mọ, tí a fi ara wa ṣe ọmọ fún ara wa, ẹ wọṣọ opó fún un, ẹ mú un lọ sílé bàbá yín ní Addo, ó ń ka oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá lórí ọkọ tó wà nílé, tó ń fọwọ́ ara ẹ̀ lọ ata. Gàníyù, ohun tí mo ń wá nìyẹn, n kò wá ohun mìíràn. Ẹ dá ìyàwó mi padà fún mi.

Àna mi ni ọ́. Ká ní mo tẹ̀lé ìlànà, ó yẹ kí n máa pọ́n ọ lé, kí n máa pè ọ́ ní ẹ̀yin. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ pọ́n ẹni tó sin mí lé?

O mọ ohun tó gbé mi lọ, gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n. Ní gbogbo Sátidé, aago mẹ́wàá àárọ̀, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọdún mẹ́rin, ilé rédíò ń fún mi láyè kí n fi ìtàn àtijọ́ yẹ ọ̀rọ̀ òde òní wò. Kò sí owó gidi níbẹ̀, owó ọkọ̀ ni, ìwọ náà lo sì máa ń fi ọkọ̀ rẹ tù mí lọ. Nígbà tí àwọn olóṣèlú ń ya ara wọn jẹ ní Ìwọ̀ Oòrùn, tí wọ́n ń wẹ́tìẹ, tí wọ́n ń da pẹtiróòlù sílé ara wọn, mo sọ̀rọ̀. Mo ní òmìnira tí a gbà kò tíì pé ọdún mẹ́fà, ẹ sì ti ń fi í dáná. Mo dárúkọ ogun tó fọ́ Ọ̀yọ́ Ilé, mo ní ọ̀tá ò rí i fọ́, àwọn ọmọ ilé ló kọ́kọ́ fọ́ ọ. Inú yín dùn. Ẹ gbé rédíò kọ́ igi àgbọn níwájú mọ́ṣáláṣí, ẹ ń na ọwọ́ sókè bí ẹni pé èmi ni mo gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Ẹ ní kò sí irú Tíṣà.

Nígbà tó di Ṣẹẹrẹ ọdún yìí tí àwọn ṣọ́jà pa àwọn olóṣèlú, tí wọ́n gba ìjọba, ìlú ń jó. O jó. Mo rí ọ ní èbúté, o ń fi àjẹ̀ lu omi. Sùlè, Lèmọ́mù wa, ṣe àdúà fún wọn lórí mímbárì, ó ní Ọlọ́run ti gbọ́ igbe àwa mẹ̀kúnnù. Èmi náà ò sọ pé àwọn tó lọ dáa, wàláì, n kò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tí mo sọ lórí rédíò ni pé ẹ má tíì jó. Mo ní ẹ lọ bi Ìjàyè léèrè. Ológun ni Kúrunmí, ogun ń tú ilé gbogbo ká nígbà náà, àwọn èèyàn sá tọ̀ ọ́ lọ nítorí ààbò, kí wọ́n tó ṣẹ́jú ó ti di ẹni tí ẹnikẹ́ni ò lè bi léèrè pé kí ló dé. Ogun ló gbé e dé orí oyè, ogun náà ló sì pa Ìjàyè run lé e lórí. Mo ní ẹni tó fi ìbọn wọlé kì í fi ẹnu jáde níbẹ̀, ìbọn mìíràn ni yóò wá lé e. Gbólóhùn yẹn ni. Nítorí gbólóhùn kan.

Ṣé o rí i, ìtàn kan náà ni, ẹnu kan náà ni. Nígbà tó kan àwọn olóṣèlú, ẹ ní mo gbọ́n. Nígbà tó kan àwọn ṣọ́jà, ẹ ní ìwé ti dà mí lórí rú. Ní Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, tí a kírun tán, kò sí ẹni tó dúró bá mi sọ̀rọ̀. Mo ti dá wà ṣáájú kí wọ́n tó mú mi, Gàníyù, ìyẹn lẹ ò mọ̀. Sìlífátù nìkan ló mọ̀ ọ́n. Òun ló ń sọ fún mi pé ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn Iléyá ni láńṣì ọlọ́pàá gúnlẹ̀ sí èbúté. Ọ̀sán gangan. Gbogbo ẹ wà níbẹ̀, àwọn tó ń tún àwọ̀n ṣe ń tún àwọ̀n ṣe, mo kọjá láàrin yín, kò sí ẹni tó gbójú sókè. Wọn ò lù mí ní tésàn, n kò ní parọ́ mọ́ wọn. Ṣọ́jà kan, ọmọdé ni, irùngbọ̀n ẹ̀ ò tíì gbó, ó jókòó níwájú mi láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń bi mí: "Bàbá, hu sẹ́n yu?" Mo ní kò sẹ́ni tó rán mi. Ó ní, "Bàbá, tọk trúù, hu sẹ́n yu?" Mo ní ìtàn ló rán mi. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó bi mí pé ìlú wo ni Ìtàn wà. O ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà ì bá rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, àmọ́ n kò rí ẹni tí mo máa rẹ́rìn-ín mọ́.

Ọ̀rọ̀ ẹrù yẹn wá kù. Ọwọ́ rẹ ló ti ṣẹlẹ̀, ọwọ́ tèmi náà wà níbẹ̀, n kò ní sẹ́ ẹ. Wọ́n fẹ́ kó wa kúrò ní tésàn àkọ́kọ́, ọlọ́pàá kan tó láàánú wá sọ sí mi létí pé níbi tí à ń lọ, tí ohun tó dáa bá ti wà lára èèyàn, wọ́n á gbà á, kò ní rí i mọ́. Mo bọ́ fìlà, mo bọ́ bàtà, mo bọ́ awò ojú mi, mo di gbogbo ẹ̀ sínú agbádá mi, mo bẹ̀ ẹ́ kó bá mi gbé e dé Èbúté Èrò, kó fún ọlọ́kọ̀ Ajah tó bá kọ́kọ́ rí. N kò lè kọ ìwé mọ́ ọn, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa fọwọ́ kan bírò. Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi kọ̀wé, ìlà kan ṣoṣo ni n kò rí kọ. Ọlọ́pàá yẹn bá ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ rẹ, ó ní ẹrù Tíṣà rèé, gbé e fún àwọn ará ilé ẹ̀. Gàníyù, o ò bi í pé Tíṣà fúnra ẹ̀ ńkọ́. Ọ̀rọ̀ tí kò ju ìṣẹ́jú àáyá lọ, o ò bi í.

O wo fìlà, o wo bàtà, o ò rí ẹni tó ni wọ́n, ọkàn rẹ bá lọ síbi tí ọkàn gbogbo ọmọ etí ọ̀sà yìí ń lọ. Tí omi bá gbé èèyàn wa, tí kò dá òkú ẹ̀ padà, fìlà àti bàtà ni à ń dì sínú aṣọ, a ó gbé e síwájú ọkọ̀, ẹni tó ń tukọ̀ kò ní kí ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà, ẹrù náà kò sì ní kan ilẹ̀ títí yóò fi dé yàrá ẹni tó ni ín. O gbé ẹrù mi síwájú ọkọ̀. Láti Èbúté Èrò dé Ajah, o ò kí ẹnì kankan. Àwọn obìnrin tó ń yan ẹja rí ọ tí o gòkè pẹ̀lú ẹrù lórí, o di ẹnu, kó o tó dé ojúde mi wọ́n ti káwọ́ lérí. Kò sí ẹni tó sọ pé Tíṣà kú. Kò sí ẹni tó purọ́ rárá. Ìyẹn ló ń bí mi nínú jù, torí ká ní ẹnì kan ló pa irọ́ mọ́ mi, ǹ bá mọ ẹni tí mo máa bá jà.

Kí n sọ òótọ́ fún ọ? Mo mọ àṣà yẹn. Mo kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn ilẹ̀ yìí tí mo ń kọ láti ọjọ́ pípẹ́, odindi ojú ewé kan, ìwọ gan-an lo jókòó tì mí tí o ń sọ ọ́ tí mo ń kọ ọ́. Síbẹ̀ ọwọ́ ara mi ni mo fi di ẹrù náà, kò wá sí mi lọ́kàn pé ẹrù òkú ni mo ń dì. Ọkàn mi ò sí ní etí ọ̀sà lọ́jọ́ yẹn. Àwọn ṣọ́jà ni mo ń rò, Nàìjíríà ni mo ń rò. Sìlífátù ti máa ń sọ ọ́ fún mi pé mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Kòsọ́kọ́ ní Ẹ̀pẹ́, n kò mọ̀ pé iyọ̀ ti tán nílé.

Wọ́n dá mi sílẹ̀ ku ọ̀la ọdún Mọ́lúdì. Àgbà Ìlàjẹ kan ló fi ọkọ̀ ẹja gbé mi wálé, kò mọ̀ mí, ó ń bá mi sọ̀rọ̀ lọ gbuurugbu, ọ̀rọ̀ ẹja, ọ̀rọ̀ ìyàwó ẹ̀. Kí n má parọ́, inú mi dùn dé ibi pé omijé bọ́ lójú mi. Mo ti ń rò ó pé bí mo bá ti gúnlẹ̀, ẹ ó yí mi ká, ẹ ó ní Tíṣà, ẹ kú ewu, ẹ kú ewu o, ẹ ó máa fọwọ́ kàn mí. Ọmọ ẹni tó lọ ra ẹran ní Ìsàlẹ̀ Èkó tí ìjì mú lójú ọ̀nà, ọjọ́ méjì la fi ń kí i kú ewu. Èmi dé. Àwọ̀n bọ́ lọ́wọ́ Àjàlá. Ẹnì kan ní "Lá iláha ilá Láhù," gbogbo yín bá túká.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti di akúdàáyà. Ẹ rò pé n kò gbọ́? Mùínàt ẹlẹ́kọ kì í gbé ẹ̀kọ lé mi lọ́wọ́ mọ́, orí odi ló ń gbé e sí, á ṣe bìsímílà, á yí ẹ̀yìn padà, á rìn kíákíá. Jímọ̀ àkọ́kọ́ tí mo lọ kírun, mo dúró nínú sàfù kejì, ìlà tí mo máa ń dúró sí, àwọn tó wà lápá ọ̀tún mi sún, àwọn tó wà lápá òsì mi sún, àlàfo èèyàn méjì méjì wà ní ẹ̀gbẹ́ mi. Sùlè yíjú padà kó tó kábárà bẹ̀rẹ̀ ìrun, ó ní ẹ dí àlàfo, ẹ má fi àyè sílẹ̀ fún ṣàìtánì. Kò sí ẹni tó mira. Ó tún un sọ. Kò sí ẹni tó mira. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ wo inú kìtáábù kí òun tó mọ ohun tí a ó ṣe sí ọ̀rọ̀ mi, ó sì ń wo kìtáábù náà di òní. Mo kírun tán, mo wálé, n kò padà lọ. Mo ń kí i nínú yàrá.

Mo lọ sí Addo. O mọ̀ pé mo lọ. Ọjọ́ kejì tí mo dé ni, mo fẹsẹ̀ rìn, mo gba ọ̀nà ẹ̀yìn oko ẹ̀gẹ́. Àǹtí yín, Sìmbíátù, rí mi láti òkèèrè, ó ti ilẹ̀kùn, ó ní kí n má wá mú Sìlífátù lọ, kí n jọ̀ọ́, kí n máa lọ síbi tí wọ́n gbé ń dúró dè mí. Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo ní, "Sìlífátù, èmi ni." Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe sọ ọ́, wẹ́rẹ́, pẹ̀lú ohùn ìsàlẹ̀, torí ọkùnrin kan tí n kò mọ̀ rí dúró sábẹ́ igi lójú ọ̀nà bí amí ìjọba, láti ìgbà tí mo ti ti àtìmọ́lé dé ni ojú mi ti ń rí irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo. Mo gbọ́ tí ó wúkọ́. Ikọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ ni, mo mọ̀ ọ́n. Ilẹ̀kùn ò ṣí. Mo wà níbẹ̀ títí oòrùn fi wọ apá ibi tí mo dúró sí, mo wá rìn padà sílé.

Ó dùn mí, Gàníyù. Ó dùn mí ju àtìmọ́lé lọ.

Wá wo rédíò yìí. Aago mẹ́wàá ọjọ́ Sátidé, mo ṣì máa ń ṣí i. Orin ni wọ́n fi sí àyè mi báyìí. Orin náà dáa. Mo máa ń gbọ́ ọ tán.

Má wò mí bẹ́ẹ̀. O fẹ́ bi mí pé kí ló dé tí n kò padà síbẹ̀, àbí? Mo fọwọ́ síwèé ni. N kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, ta ni mo fẹ́ sọ fún? Kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fún mi, wọ́n gbé ìwé kan síwájú mi pé èmi Dáúdà Àbọ̀ kò ní sọ̀rọ̀ kankan mọ́ lórí ìjọba, ì báà ṣe lórí rédíò, ì báà ṣe nínú ìwé ìròyìn, ì báà ṣe láàrin àwùjọ, àti pé tí mo bá sọ ọ́, kí n má bínú sí ohun tó bá ṣẹlẹ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo fọwọ́ sí i. Mo ti dàgbà, mo fẹ́ wálé, mo ń rò pé Sìlífátù ń dúró dè mí pẹ̀lú omi gbígbóná. Mo ta ẹnu mi kí n lè rí ilé mi, nígbà tí mo dé ilé, kò sí ẹnì kankan níbẹ̀.

Ẹnu tí mo tà ni n kò rí lò ní Jímọ̀ tó kọjá yìí nígbà tí àwọn ṣọ́jà tún yí ìbọn sí ara wọn. Ṣé o rí i? Àwọn tó fi ìbọn wọlé ní Ṣẹẹrẹ, ìbọn mìíràn ló wá lé wọn ní Agẹmọ. Kò tó oṣù méje. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko a ò mọ ẹni tó ń ṣèjọba, adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Èmi kì í ṣe wòlíì, ìwé ni mo kà. Mo jókòó níbí, etí mi lẹ̀ mọ́ rédíò, gbogbo ohun tí mo sọ ni mo ń gbọ́ tó ń ṣẹ níkọ̀ọ̀kan, inú mi ò dùn, Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n, torí pé ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n ń pa, èyí tó sì ń bọ̀ lẹ́yìn le ju èyí lọ. Mo mọ bó ṣe máa le tó. Mo mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ìlú tí ẹ̀yà kan bá ti ń ka òkú tiẹ̀ lọ́tọ̀. Gbogbo ẹ̀ kún ikùn mi títí dé ọ̀fun, kò sí ẹyọ etí kan tí mo lè sọ ọ́ sí.

Ràṣídì bi mí. Ó dúró sí ẹ̀yìn fèrèsé, ó wọ aṣọ mi, ẹ̀rù ń bà á, síbẹ̀ ó fẹ́ gbọ́, ó ní, "Tíṣà, kí lẹ rí sọ sí ọ̀rọ̀ ìlú yìí?" Mo wò ó. Ọkùnrin abẹ́ igi ni mo rántí. Mo ní, "Òjò ọdún yìí mà pọ̀ o, Ràṣídì." Ó gbá aṣọ náà mọ́ra. Lẹ́yìn náà ló sáré. Èmi ò mọ ohun tó ń sá fún, n kò kúkú fọwọ́ kàn án.

Ẹ̀rù ń bà mí ni, Gàníyù. Ṣé o fẹ́ kí n máa díbọ́n fún ọ? Ọkùnrin tí ẹ gbé rédíò ẹ̀ kọ́ igi àgbọn, ẹ̀rù ń bà á. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù pẹ̀lú ìyàwó ẹni nílé sàn ju ẹ̀rù nìkan lọ. Nítorí náà, gbọ́ ohun tí mo fẹ́, kó o lọ bá mi sọ fún gbogbo wọn ní Addo. N kò ní gba fìdáù yẹn. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá, ẹ kò gbọdọ̀ kà á pé lé mi lórí. Tí ó bá ṣe pé Sùlè gbọ́dọ̀ wá fọwọ́ kàn mí níwájú gbogbo yín, kó wá. Tí ó bá ṣe pé kí n gún ara mi lábẹ́rẹ́ kẹ́ ẹ rí ẹ̀jẹ̀, ẹ mú abẹ́rẹ́ wá.

Ó dáa. Ẹnu ti rẹ̀ mí. Sọ èyí tí wọ́n rán ọ.

Sọ ọ́, má wolẹ̀. Kí ni Sìlífátù wí?

Ẹn-hẹ́n. Ó ní òun gbọ́ ohùn mi lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ó ní kí ni?

Tún un sọ. Rọra tún un sọ. Ó ní òun gbọ́ ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́, Tíṣà tòun kì í sì í sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́. Ó ní Ràṣídì wá sọ fún òun pé ìlú dàrú ní Jímọ̀, ṣọ́jà ń pa ṣọ́jà, wọ́n bi ẹni tó wà nílé ní Ajah léèrè, ó ń sọ̀rọ̀ òjò. Ó ní ohun tó jẹ́ kí òun mọ̀ dájú pé ọkọ òun ti kú nìyẹn. Pé kò sí bí Dáúdà Àbọ̀ ṣe máa wà láàyè, tí irú ọ̀rọ̀ yìí máa ṣẹlẹ̀ sí Nàìjíríà, tí kò ní sọ tiẹ̀. Pé tó bá jẹ́ òun lóòótọ́, kó wá sí Addo, kó wá dúró sí ojúde bàbá òun, kó sọ èrò ọkàn ẹ̀ lórí ìjọba yìí bó ṣe máa ń sọ ọ́, kí òun lè mọ̀ ọ́n.

Háà. Háà, Sìlífátù.

Jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín, Gàníyù, dì mí mú kí n má bọ́ lórí àga. Obìnrin yìí. Obìnrin tó ń gbé bàtà mi pamọ́ sínú ìkòkò láàárọ̀ Sátidé kí n má baà lọ. Obìnrin tó yọ bátìrì rédíò tó ní eku ló gbé e. Ọdún mọ́kànlélógún ló fi bẹ̀ mí pé kí n dákẹ́, mo dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láyé mi, ó wọṣọ opó. Ha, mo kú, ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ẹ tún ṣe fìdáù kejì.

O dì mí mú lóòótọ́. Wo ọwọ́ rẹ lapá mi. Ó gbóná, àbí kò gbóná?

Ìwé yẹn ńkọ́? Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ sọ ọ́ láàrin àwùjọ, ojúde àna mi sì ni àwùjọ tó burú jù ní gbogbo etí ọ̀sà yìí, kí Ásírì tó wọlé ọ̀rọ̀ náà á ti dé Ẹ̀pẹ́. Tí wọ́n bá fẹ́ wá mú mi, kí wọ́n wá bá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó mi. Dìde, tú okùn ọkọ̀. Fún mi ní fìlà yẹn. Tí a bá dé, ìwọ ni kó o kọ́kọ́ wọlé, sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ kó tẹ́ ẹní, kó wá nǹkan fẹ̀yìn tì, kó sì gbọ́únjẹ kaná, torí láti Ṣẹẹrẹ ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ mi á sì pẹ́.